Ẹ̀rọ GPS mi, RTK, ní sẹ̀ǹtímítà méjì ni àṣìṣe òun, àmọ́ ilẹ̀ abẹ́ omi mi rí bí eyín ayùn

Ọmọ_Akẹ́sán (Ọ̀yọ́)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́, mo kí yín o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí kò jẹ́ kí n sùn.

Surveyor ilẹ̀ ni mí, Ọ̀yọ́ níbí ni mò ń gbé, lẹ́yìn ọjà Akẹ́sán. Gbogbo iṣẹ́ mi látẹ̀yìnwá, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni: ká ri òpó ààlà, ká pín ilẹ̀ bàbá fún ọmọ méje tí wọn kò fẹ́ rí ara wọn sójú. Nínú oṣù kẹta ni ọ̀rẹ́ mi kan pè mí sí iṣẹ́ l'Ékòó. Wọ́n fẹ́ ká wọn ìsàlẹ̀ omi níbi tí ọ̀sà ti ń pàdé òkun, kí wọ́n lè mọ ibi tí iyanrìn ti ń dí ojú ọ̀nà ọkọ̀. Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí, àmọ́ owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ti dé. Mo gbà á.

A háyà ọkọ̀ onípákó kan. A fi páìpù irin de orí sounder, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wọn jíjìn omi, mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó wọ inú omi ní mítà kan. Mo gbé áńtẹ́nà RTK mi sórí òrùlé yàrá awakọ̀. Ẹ̀rọ kejì, ìyẹn base tó ń bá a tún àṣìṣe ipò ṣe, wà létí omi lórí òpó tí a mọ ipò rẹ̀, kò tó kìlómítà mẹ́ta sí wa. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é, ní gbogbo ojúmọmọ "fixed" ni ẹ̀rọ ń kọ ṣáá, ìyẹn ni pé ipò dá a lójú, ó ní àṣìṣe òun kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí ìyàwó mi. Ó ní kí ni èyí, mo ní kó sáà máa yọ̀.

Mo délé, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kò sí wàhálà. Etí kòtò ojú ọ̀nà ọkọ̀ ni ẹjọ́ wà, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ bíi mítà 12. Ìlà kọ́ńtọ̀, èyí tó so ibi tí jíjìn wọn dọ́gba pọ̀, níbẹ̀ ń wọlé ń jáde bí eyín ayùn. Mo wò ó títí. Gbogbo láìnì tí a wa ọkọ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn fi etí kòtò sí ibì kan, gbogbo èyí tí a wà bọ̀ sí ìlà oòrùn fi sí ibòmíràn. Mítà 2.4 ló wà láàárín méjèèjì.

Ṣé sátẹ́láìtì ń purọ́ fún mi ni? Ẹ̀rọ tó ní sẹ̀ǹtímítà méjì, níbo ló ti rí mítà méjì àti ààbọ̀? Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi ti ní òun kò ní san ìyókù owó, ó ní ẹ̀rọ àlòkù ni mo lò. Àlòkù ni lóòótọ́, mi ò ní bò ó. Ṣùgbọ́n mo gbé e lọ sórí òpó kan tí mo mọ̀ ní Ọwọ́dé láàárọ̀ àná, ó bá a mu rẹ́gí.

Ohun kan tún wà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, aago mẹ́jọ kù díẹ̀, a ṣì wà lórí omi, ẹ̀rọ kàn já bọ́ kúrò ní "fixed". Ó ń sọ mítà kan, ó ń sọ mítà méjì, títí a fi padà sí èbúté. Òjò kò rọ̀, igi kò sí, ìràwọ̀ yọ rẹ̀rẹ̀. Kí ló fà á?

Sàmù_Ìlọra

Bọ̀dá, ẹ ta nǹkan yẹn kíá kó tó ba yín lórúkọ jẹ́. Tuntun tó ń gbá sátẹ́láìtì oríṣi mẹ́rin, GPS, GLONASS, Galileo àti BeiDou, mú pa pọ̀ ni kí ẹ rà. Èmi ti rà tèmi, ogójì sátẹ́láìtì ni mo máa ń rí lẹ́ẹ̀kan náà. Àlòkù kọ́ ni iṣẹ́ omi o.

Ajílété_Àgbà (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọmọ Akẹ́sán, má ta nǹkan kan. Sàmù, o ṣeun, ọmọ mi, àmọ́ ẹ̀rọ tuntun yóò fún un ní mítà 2.4 yẹn náà, pẹ̀lú gbèsè lórí ẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìntì, adìyẹ ni mò ń sìn báyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi wọn ìsàlẹ̀ omi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ṣì ń mọ̀ọ́mọ̀ ba àmì GPS jẹ́ fún gbogbo ẹni tí kì í ṣe sójà wọn. A ó so ọkọ̀ mọ́ èbúté, okùn mẹ́rin, kò ní mira. Nínú kọ̀ǹpútà, ó ń rìn kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn, ó lè lọ tó ọgọ́rùn-ún mítà kó tún padà. Oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni wọ́n pa ìbàjẹ́ yẹn. Nítorí náà, mo ti rí sátẹ́láìtì tó ń purọ́ rí, mo mọ bó ṣe ń ṣe. Irọ́ rẹ̀ kì í mọ ìwọ̀ oòrùn yàtọ̀ sí ìlà oòrùn. Tìrẹ mọ̀ ọ́n: ó sún síbí nígbà tí ẹ ń lọ, ó sún sọ́hùn-ún nígbà tí ẹ ń bọ̀. Ọkọ̀ rẹ ni kí o wò, fi ojú ọ̀run sílẹ̀.

Kí ni ẹ̀rọ rẹ sọ gan-an? Ó ní, "Áńtẹ́nà mi wà níbí yìí, ní ìṣẹ́jú àáyá yìí." Ó tán. Kò sọ ohunkóhun nípa ilẹ̀ abẹ́ omi. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé omi wà, torí ìgbì rédíò sátẹ́láìtì kì í rí inú omi wọ̀. Ohùn sounder ló ń lọ síbẹ̀, ohùn yẹn sì ń rin nǹkan bíi 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á lu ilẹ̀, á padà. Ẹ̀rọ méjì ni, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n jókòó sí, ọ̀tọ̀ ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ kálukú wọn ń dé etí kọ̀ǹpútà. Ìwọ lo sọ wọ́n di ọ̀kan. Sẹ̀ǹtímítà méjì rẹ dúró sórí òrùlé yàrá awakọ̀, kò bá ọ sọ̀ kalẹ̀.

Ìwọ wò ó báyìí. Àbúrò rẹ ń ti Ìbàdàn bọ̀, ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọ: "Mo ti dé Fìdítì." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì fà, nígbà tí fóònù rẹ máa fi dún, ó ti wọ Ìlọra. Bí o bá fi àmì sí Fìdítì nígbà tí fóònù dún, ta ló purọ́? Bí mọ́tò ṣe ń sáré sí náà ni àṣìṣe rẹ ń pọ̀ sí. Tó bá jẹ́ pé ó dúró jẹun ní Fìdítì, àṣìṣe kò ní sí rárá. Ìdí nìyẹn tí òpó Ọwọ́dé fi bá ẹ̀rọ rẹ mu: òpó kì í rìn.

Kí n tó sọ̀rọ̀ jù, mo fẹ́ mọ nǹkan wọ̀nyí. Eré wo ni ẹ ń sá lórí omi? Ṣé láìnì kankan wà tí ẹ rọra wà, lórí etí kòtò kan náà? Áńtẹ́nà ńkọ́, ṣé o fi téèpù wọn ibi tó wà sí páìpù sounder? Má fojú bù ú fún mi o.

Ọmọ_Akẹ́sán

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Mo ka ọ̀rọ̀ Fìdítì yẹn sókè, ìyàwó mi ní ó yé òun ju bó ṣe yé èmi lọ.

Eré wa jẹ́ knot 4. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta àwọn apẹja ta àwọ̀n káàkiri, awakọ̀ sì kọ̀, ó ní òun kò ní gé àwọ̀n ẹni ẹlẹ́ni. Knot 2 la fi ń yọ́ kọjá. Nígbà náà inú bí mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lọ wo láìnì wọ̀nyẹn báyìí. Eyín ayùn wà níbẹ̀, àmọ́ ó kéré: mítà 1.5 ló wà láàárín àlọ àti àbọ̀.

Lórí áńtẹ́nà, mi ò lè purọ́ fún àgbà. Mi ò wọ̀n ọ́n. Ó dà bíi pé wọ́n dọ́gba lójú mi, mo kọ òdo síbẹ̀ nínú sọ́fítíwíà.

Ajílété_Àgbà (Ògbómọ̀ṣọ́)

Awakọ̀ yẹn ṣe ọ́ lóore tí kò mọ̀. Lọ ra otí fún un.

Mú bírò. Àṣìṣe àlọ ń ti etí kòtò sí apá kan, ti àbọ̀ ń tì í sí apá kejì, nítorí náà ìdajì ni tòótọ́ láìnì kọ̀ọ̀kan. Ní knot 4 ó jẹ́ mítà 1.2. Ní knot 2 ó jẹ́ mítà 0.75. Knot 4 jẹ́ mítà 2.06 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, knot 2 sì jẹ́ 1.03. Eré dínkù pẹ̀lú 1.03, àṣìṣe dínkù pẹ̀lú 0.45. Pín in: 0.44. Bí àmì ipò rẹ ṣe ń pẹ́ lójú ọ̀nà tó nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kí kọ̀ǹpútà tó gbà á. Ní knot 4, ìpẹ́ yẹn nìkan fún ọ ní mítà 0.9.

Ṣùgbọ́n 1.2 lo ní. 0.3 ṣẹ́kù, ní knot 2 náà 0.3 kan náà ló ṣẹ́kù, lọ ṣírò rẹ̀ wò. Èyí tí kò gbọ́ ti eré, ibi ìjókòó ni. Ìpẹ́ máa ń ju àmì sẹ́yìn ọkọ̀, èyí náà sì ń jù ú sẹ́yìn, torí wọ́n ń ràn ara wọn lọ́wọ́ ni. Mi ò rí ọkọ̀ rẹ rí, mo wà nínú ilé adìyẹ mi, ṣùgbọ́n áńtẹ́nà rẹ wà lẹ́yìn páìpù sounder, níhà ìdí ọkọ̀, pẹ̀lú ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Pe awakọ̀, kó wọ̀n ọ́n.

Ìpẹ́ yìí kò ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀rọ máa ń ṣírò kó tó sọ̀rọ̀, wáyà a fà á, kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn a tún dá a dúró. Nígbà mìíràn, jẹ́ kí rìsífà, ìyẹn ẹ̀rọ GPS rẹ, fi wáyà PPS rẹ̀ lu aago fún gbogbo ẹ̀rọ yòókù lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kí kálukú fi àkókò kan náà kọ ohun tó rí. Kí o sì rí i pé aago UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, ni gbogbo wọn ń lò. Aago GPS fúnra rẹ̀ fi ìṣẹ́jú àáyá 18 ṣáájú UTC láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Mo mọ ẹnì kan tó da méjèèjì pọ̀. Etí kòtò tirẹ̀ wà lórí títì.

Ẹni tí kò fẹ́ sanwó fún ọ, bi í léèrè ìpele wo nínú S-44 ni àdéhùn yín wà. Ìwé ìlànà IHO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí wíwọn omi, ni, ẹ̀dà kẹfà rẹ̀ jáde ní 2020. Ní Order 1, wọ́n gba àṣìṣe ipò mítà 5 àti ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún jíjìn omi. Nínú omi mítà 12, 5.6 nìyẹn. Special Order, tó le jù ú, gba mítà 2. Mítà 1.2 rẹ wọlé sínú méjèèjì wọ̀ọ̀! Má tíì yọ̀ o. Ilẹ̀ yẹn dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà kan nínú mẹ́rin, sísún 1.2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti sọ jíjìn omi di irọ́ pẹ̀lú 30 sẹ̀ǹtímítà. Ní mítà 12, Special Order gba bíi 27 sẹ̀ǹtímítà fún jíjìn, Order 1 gba bíi 52. Ìyẹn ni pé àṣìṣe ipò rẹ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó wá ṣubú nílé jíjìn, bó bá jẹ́ Special Order lẹ dé. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú kò lè hàn láéláé, o sì sọ ọ́ fúnra rẹ pé ibẹ̀ dára.

Èyí tí o kò bi mí: láti áńtẹ́nà lórí òrùlé dé orí sounder nínú omi, bíi mítà mẹ́rin ni wàá ní. Bí ìgbì bá tẹ ọkọ̀ pẹ̀lú dígírì 5 péré, òkè yóò yà kúrò lórí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú 35 sẹ̀ǹtímítà. Ọkọ̀ onípákó lẹ́nu òkun, ó máa ń ju dígírì 5 lọ. Sẹ̀ǹtímítà méjì!

Àríkẹ́_Máàpù (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá. Èmi ni mo máa ń bá àwọn ènìyàn tún iṣẹ́ wọn ṣe nínú kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ dáhùn ọ̀rọ̀ alẹ́ yẹn torí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Bọ̀dá Akẹ́sán, oṣù kẹta ni ẹ sọ, lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀. Bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa nìyẹn. Ìpele òfurufú kan wà tí wọ́n ń pè ní ionosphere, oòrùn ló ń fún un lágbára. Ìlà agbede òòfà ayé gba apá òkè Nàìjíríà kọjá, nítorí náà gbogbo wa ń gbé lábẹ́ ibi tí ìpele yẹn ti ń yọni lẹ́nu jù. Tí oòrùn bá ti wọ̀, ó máa ń fà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, àmì sátẹ́láìtì tó bá gba àárín rẹ̀ kọjá á máa ṣẹ́jú bí iná àtùpà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án ló máa ń burú jù, láti nǹkan bí aago méje alẹ́ títí di ọ̀gànjọ́. Àwọn ọdún tí oòrùn bá ń ru tún wá le. Rìsífà oní-fíríkúẹ́ńsì méjì lè yọ ìdádúró tí ìpele yẹn ń fà, àmọ́ tí àmì fúnra rẹ̀ bá ń já, kí ló fẹ́ yọ? Èmi kì í gba dátà RTK tí wọ́n kó lẹ́yìn aago méje alẹ́ nínú oṣù wọ̀nyẹn láìbéèrè. Ẹ yọ láìnì alẹ́ yẹn kúrò. Tí ẹ bá fi fáìlì gbogbo pamọ́, ẹ tún un ṣírò lẹ́yìn iṣẹ́, ó lè gbà díẹ̀ là.

Ẹ jọ̀ọ́, òpó tí ẹ gbé base lé, nínú èwo ni wọ́n ti fún yín ní ipò rẹ̀? Minna, ètò ipò ilẹ̀ Nàìjíríà, ni tàbí WGS84 tí GPS ń lò? Orí ìrísí ayé tí wọ́n ń pè ní Clarke 1880 ni ti Minna dúró lé, tí ẹ bá sì gbé ọ̀kan sórí ìkejì láìyí i padà, ó lè sún mọ́ ọgọ́rùn-ún mítà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Gíga náà ńkọ́? Gíga tí GPS ń sọ kì í ṣe láti ojú òkun, níhà tiwa ó fi ju ogún mítà lọ yàtọ̀ sí i. Mo ti rí máàpù tí ìsàlẹ̀ omi ti ga ju ilé tó wà létí rẹ̀ lọ, ẹni tó yà á sì ti tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ńlá.

Sàmù_Ìlọra

Háà. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bèèrè: tó bá rí báyìí nínú omi mítà 12, àwọn tó ń wọn àárín òkun tó jìn tó mítà 4,000 ńkọ́? Ṣé wọ́n kàn ń méfò ni?

Ajílété_Àgbà (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìbéèrè gidi rèé, Sàmù. Apá tó pọ̀ jù nínú máàpù òkun ayé, ìmèfò tó lọ́gbọ́n nínú ni: sátẹ́láìtì ń wọn bí ojú òkun ṣe wú díẹ̀ níbi tí òkè wà nísàlẹ̀, wọ́n á fi ṣírò ohun tó wà lábẹ́. Èyí tí ọkọ̀ fi sounder wọ̀n fúnra rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, tàbí kó lé díẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dórí sẹ̀ǹtímítà, wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Japan ri ẹ̀rọ tó ń dá ohùn padà sórí ilẹ̀ abẹ́ òkun. Ọkọ̀ á dúró lókè, GPS á sọ ibi tí ọkọ̀ wà, ohùn á sọ bí ẹ̀rọ abẹ́ omi ṣe jìnnà sí i, wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀mélòó kan títí á fi rẹ́gí. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2011, wọ́n padà lọ wọ̀n. Ilẹ̀ abẹ́ òkun nítòsí ibi tó ti ṣẹ́ ti sún mítà 24 sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún gòkè bíi mítà 3. Áńtẹ́nà tiwọn náà, orí òrùlé ló wà. Wọ́n kàn wọn ohun tó wà láàárín rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ni, tinútòde.

Ọmọ_Akẹ́sán

Bàbá, Àǹtí Àríkẹ́, Sàmù, ẹ ṣé o.

Ti òpó, WGS84 ni, mo tún lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Láìnì alẹ́ yẹn, mo ti yọ gbogbo ẹ̀. Ó dùn mí, torí epo la fi wà á.

Mo fi 0.44 sí àyè ìpẹ́ nínú sọ́fítíwíà, mo ṣí i padà. Eyín ayùn fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ó ku díẹ̀díẹ̀ bí eyín ọmọ ọwọ́. Mo wá pe awakọ̀ l'Ékòó. Ó ní òun kò ní téèpù, rúlà káfíńtà lòun ní. Mo ní kó wọn láti ìdí áńtẹ́nà wá sí ọ̀gangan páìpù. Mo gbọ́ tó ń gun òrùlé, mo gbọ́ tó ń bú ẹnì kan. Ó ní ẹsẹ̀ bàtà kan ni, ó lé díẹ̀, níhà ẹ́ńjìnnì.

Bàbá, ìhà ẹ́ńjìnnì ni ìdí ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni ẹ ń ta kéréètì ẹyin kan?